Ajá Tí Ọkọ Mi Kò Kọ́ Tán

Ohùn ọkọ mi tí mo gbọ́ kẹ́yìn, ajá ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń fọ abọ́ àárọ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì gbọ́ ọ láti inú pápá ẹ̀yìnkùlé wa: "Òun rèé o! Òun rèé o!" Igbe tó máa ń ké sí àwọn ajá rẹ̀ nìyẹn tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí ehoro. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àwọn ajá gbé ohùn sókè, tí wọ́n ń gbó lọ sí ìsàlẹ̀ pápá, tí gbígbó wọn ń jìnnà. Mi ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Mo nu abọ́, mo tò wọ́n, mo tún fọ aṣọ ìnuwọ́. Ìgbà tí Ìyá Àgbà, abo ajá rẹ̀ tó dàgbà jù, dá padà wálé lóun nìkan, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà láì wo abọ́ oúnjẹ rẹ̀ rárá, ni mo tó ju aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Mo bọ́ sí pápá. Ọkọ mi fẹ̀yìn ti òpó wáyà tó yí pápá ká, fìlà rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, bí ẹni tó ń sinmi.

Wọ́n ní kí n má bínú sí òkú. Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí èmi àti ẹ̀ jọ wà láti ìgbà tí irun orí wa ti dúdú, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ehoro ló fi ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ jẹ́ kí n bínú sí i díẹ̀.

Iṣẹ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe ló fi bọ́ wa. Iyàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Táyà ló kọ́ sára ògiri níbi tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé fọ́tò kọ́ sí, òórùn gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ tíúbù sì ti wọ inú kọ́tìnnì débi pé mo fọ̀ ọ́ títí, kò kúrò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, kò ní dárúkọ kẹ̀kẹ́. Á ní, "Mò ń kọ́ ajá." Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pè é ní nǹkan mìíràn ju Baba Alájá lọ.

Ajá tó ń kọ́ kì í ṣe ajá ńlá. Àwọn ajá kékeré elétí gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní bígùlì ni, funfun, dúdú àti pupa rúsúrúsú lára ẹyọ ajá kan. Ẹsẹ̀ wọn kúrú, ojú wọn dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tí kò fẹ́ sọ. Imú wọn nìkan ni Ọlọ́run fi gbogbo ọwọ́ ṣe. Àwọn tó ń fi ajá ṣọdẹ ehoro ló ń gbé wọn wá fún un láti kékeré. Á kọ́kọ́ so awọ ehoro mọ́ okùn, á máa wọ́ ọ lórí koríko kí wọ́n lè mọ òórùn rẹ̀. Tí wọ́n bá ń jẹun, á máa fi ìdérí ìkòkò mi lu ara wọn gbàgà-gbàgà kí etí wọn lè gba ìró ìbọn. Ìdérí ìkòkò mi! Kò sí ọ̀kan tó bá ìkòkò rẹ̀ mu mọ́ nínú ilé yìí.

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ajá ló ń mú ehoro. Rárá o. Ehoro yára ju bígùlì lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ehoro kì í fẹ́ fi àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀. Tí wọ́n bá lé e, á sá, á sá, á sì yí po padà wá síbi tí wọ́n ti jí i dìde. Iṣẹ́ ajá ni kó máa tọ òórùn rẹ̀ lẹ́yìn, kó máa gbó kí ọdẹ lè mọ ibi tí wọ́n dé, kó má sì jẹ́ kó sinmi. Ọdẹ á dúró sójú kan, ehoro á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá a. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ni ibi tí ehoro bá ti yà. Á ṣẹ́rí lójijì bí ẹni tó rántí ohun tó gbàgbé sílé. Ajá tí ara rẹ̀ gbóná á sáré kọjá, òórùn á pòórá mọ́ ọn nímú, á wá máa sá sókè sódò bí adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ajá tó mọ iṣẹ́ á dákẹ́, á padà síbi tó ti gbọ́ òórùn kẹ́yìn, á máa fi imú ṣa ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi mọ ọ̀nà tó gbà. Ajá tó bá lè ṣe ìyẹn, lóun nìkan, títí tó fi lé ehoro yí po kan pé, òun ni ọkọ mi máa ń sọ pé ó ti jáde. Kì í gbé ajá fún olówó rẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ì báà jẹ́ ọba ló ni ín.

Ó sì ní òfin kan. "Òun rèé o" yẹn, kò gbọdọ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde àfi tó bá rí ehoro. Ehoro gan-an, pẹ̀lú etí méjèèjì. Tí ajá bá gbọ́ ọ, á fi ohunkóhun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré tọ̀ ọ́ wá, á gbé imú sílẹ̀, á sì bá òórùn tó ṣì ń gbóná. Kò fi pè wọ́n wálé rí, kò fi dá wọn lẹ́kun rí, kò sì fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ọkùnrin tí mò ń sọ yìí, irọ́ tó ń pa fún àwọn oníkẹ̀kẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Oníbàárà á dé:

"Baba, ẹ ní kẹ̀kẹ́ mi á ṣetán lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀la."

"Àná lọ̀la yẹn!"

"Ṣé o wá rí i pé ọ̀la kì í tán?"

Tí onítọ̀hún bá ti fi ìbínú jáde, màá ní, "Ṣé ẹ̀yin yìí náà lẹ ní èèyàn ò gbọdọ̀ purọ́ fún ajá?"

Á máa wá sípánà rẹ̀ kiri. "Oníbàárà á bínú, á sì padà wá. Ajá tí o bá purọ́ fún, kò ní bínú. Kò kàn ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́ ni."

Nígbà tó kú, ajá kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì jáde. Ọmọ tí Ìyá Àgbà bí gbẹ̀yìn ni, Àbíkẹ́yìn la sì ń pè é. Alápatà tó ní ìsọ̀ lẹ́bàá ibùdókọ̀ ló ni ín. Ojú ajá kò tíì là tó ti yàn án. Ọ̀fọ̀ kò tíì tán nílé wa tí Alápatà fi dé, ó jókòó sórí àpótí táyà, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá. Mo ní kí n wá wo ọmọ mi."

"Ọmọ rẹ kò tíì kàwé tán."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ajá tó ń gbó, tó ní imú, kí ló tún kù?"

"Ó kù kó yí po kan pé, kí ìyá rẹ̀ má sí níwájú rẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ?"

"Èmi ni."

Ó wo orúnkún mi. Mo rí i.

"Ajá ló máa sáré," mo wí, "orúnkún mi á dúró sójú kan."

Ó ní ó dáa, òun á dúró títí koríko yóò fi gbẹ, tí ìgbà ọdẹ á wọlé. "Ṣùgbọ́n tí kò bá mọ̀ ọ́n nígbà yẹn, Màmá, màá kàn so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ mi, kó máa lé ológbò."

Ọ̀rọ̀ ológbò yẹn gún mi ju ohun tí gbogbo àwọn tó wá kí mi sọ lọ. Ní gbogbo agbègbè yìí, tí ajá kan bá ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á ní, "Ọwọ́ Baba Alájá nìyẹn." Èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá fẹ́ máa lé ológbò nídìí ẹran yìí? Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ohùn mi ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lára àwọn ajá yẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú, èmi ni mò ń pè wọ́n wá jẹun. Àbíkẹ́yìn á jí ehoro dìde, á gbó lọ, á dé ibi tí ehoro ti yà, á sáré kọjá. Màá pè é padà: "Àbíkẹ́yìn! Àbíkẹ́yìn, wá!" Á yí padà lóòótọ́, á sáré bọ̀, etí rẹ̀ á máa fẹ́ lẹ́lẹ́, inú mi á ti máa dùn, á wá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá fìrì, ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí rìn débẹ̀, màá bá a tó jókòó ti abọ́ rẹ̀. Ehoro á dúró nínú pápá, á máa nu ojú.

"Ṣé ebi ń pa ọ́ ni, àbí o kàn fẹ́ pa mí?" Ìrù ló fi dá mi lóhùn.

Mo gbìyànjú kí n má sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú àtẹ́wọ́. Mo wọ́ awọ ehoro títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ láti nà. Bí mo bá rántí pé tí mo bá bi ọkọ mi nígbà ayé rẹ̀ pé báwo lẹ ṣe ń ṣe é, ohun tó máa ń sọ ni "Máa wò," inú á tún bí mi lákọ̀tun. Mo wò ó. Mo wò ó ní gbogbo ọdún wa. Kí ni mo rí? Ẹ̀yìn ọkùnrin tó dúró sójú kan.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ nílùú mìíràn pè mí lórí fóònù. "Màámi, wọ́n ní ẹ̀ ń bá ajá sáré nínú pápá."

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo àdúgbò ló ń rí yín."

"Kí wọ́n máa wò. Mi ò gba owó ìran lọ́wọ́ wọn."

"Màámi, ẹ gbé ajá fún olówó ẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ajá kọ́ ni Bàbá."

"Ṣé mo pè é ní Bàbá ni?" Mo gbé fóònù sílẹ̀. Aránṣọ tó wà lódìkejì náà á yọjú lójú fèrèsé rẹ̀ bí mo bá ń kọjá, á ní, "Ìyá, ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ o." Òwe yẹn ti sú mi. Ẹni tó dá a, ó sọ ti ajá, kò sọ irú fèrè tí ọdẹ ń fọn.

Ibi tí mo dé nìyẹn nígbà tí àbúrò ọkọ mi dé láti ìrìn àjò. Awakọ̀ tírélà ni, Agùntáṣọọ́lò ni mo sì ń pè é láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, nítorí gíga rẹ̀. Ìyá kan náà ló bí òun àti ọkọ mi, ó sì dà bíi pé ohùn kan ṣoṣo ni ìyá náà ní lọ́wọ́ tó fi pín in fún àwọn méjèèjì. Nígbà tó kígbe "Ẹ ńlẹ̀ níbí o" lẹ́nu ọ̀nà, mo di ògiri mú. Ìyá Àgbà, tí kì í dìde tí ẹfọ̀n bá tilẹ̀ gba ilé kọjá, fò dìde, ó sáré lọ síbẹ̀. Ó gbóòórùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó padà wá sùn.

Ṣùgbọ́n ọmọdé ni Àbíkẹ́yìn, ohùn náà tó o. Agùntáṣọọ́lò bá a sọ̀rọ̀ nínú pápá, ó sì ń gbọ́. Ó ní kó rọra, ó rọra. Ó ní kó padà, ó padà síbi tó ti ń bọ̀, kò lọ síbi abọ́. Mo sọ òfin ọkọ mi fún un, mo tún un sọ.

"Má ké igbe yẹn o, àfi tí o bá rí i."

"Ìyàwó wa, mo ti gbọ́. Ṣé ẹ rò pé ẹ́ńjìnnì ti di mí létí ni?"

"Mò ń sọ ọ́ ni."

"Ẹ sọ ọ́ lánàá. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí mò ń jẹun lọ́wọ́."

A ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àkókò ìsinmi rẹ̀. Ehoro á yà, Àbíkẹ́yìn á kọjá, ṣùgbọ́n ibi tó ń kọjá dé ń kéré sí i. Mo ti ń sùn dáadáa.

Ó wá di ọ̀sán kan tí òjò ṣú. Àbíkẹ́yìn jí ehoro kan dìde lẹ́bàá òkìtì bíríkì, ó gbó o lọ sí ìsàlẹ̀. Ehoro yà. Ajá náà kọjá díẹ̀, ó dákẹ́, ó sì dúró. Lẹ́yìn náà ló yí padà fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó pè é, ó padà síbi tó ti sọ òórùn nù, ó gbé imú sílẹ̀, ó ń ṣa ilẹ̀ bí ẹni tó ń ṣa abẹ́rẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Ohun tí ọkọ mi dúró dè nìyẹn.

Fóònù Agùntáṣọọ́lò dún. Ọ̀gá rẹ̀ ni. Wọ́n ti di ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n ń retí rẹ̀. "Mò ń bọ̀, sà. Mo ti wà lójú ọ̀nà, sà." Ó súfèé sí ajá. Ajá kò gbọ́, nítorí ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ó pe orúkọ rẹ̀. Kò gbórí sókè. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ já lé wa lórí. Mo rí i tó mí sínú, n kò sì tètè mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

"Òun rèé o! Òun rèé o!"

Ohùn ọkọ mi gan-an. Àbíkẹ́yìn fi ohun tó ń wá sílẹ̀, ó ta kọ́ṣọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó gbé imú sílẹ̀ lẹ́bàá bàtà Agùntáṣọọ́lò. Ó yí bàtà náà ká. Ó jìnnà sí i díẹ̀, ó tún yí ká. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wo ọkùnrin náà lójú. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi okùn sí i lọ́rùn.

"Kí lo ṣe yẹn?" mo wí.

"Mo pè é, ó wá."

"Ehoro dà?"

"Ìyàwó wa, òjò ń bọ̀, ọ̀gá mi ń dúró, ajá ti dé. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré mà ni. Ajá kì í ṣe èèyàn."

"Tó bá jẹ́ èèyàn, o ò bá bẹ̀ ẹ́ lọ́la! O ò bá sọ fún un pé ọ̀gá rẹ pè ọ́! Ó ń ṣe é, Agùntáṣọọ́lò. Ó ń ṣe é lọ́wọ́, ìwọ náà sì rí i!"

Òjò lé wa wọlé, àwa mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó wo ojú ẹnì kejì rẹ̀.

Nígbà tó padà láti ìrìn àjò yẹn, ó gbé páálí bísíkíìtì kan wá fún mi, ó ní ká lọ sí pápá. Mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Bí a ti ń wọlé báyìí ni ehoro fò jáde lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ńlá, ojú gbogbo wa ló ṣe, àfi ajá tó kọ ẹ̀yìn sí wa. "Òun rèé o! Òun rèé o!" Àbíkẹ́yìn gbé orí. Ó wo ojú rẹ̀. Ó padà sídìí koríko tó ń gbóòórùn. Ehoro gba abẹ́ wáyà jáde.

"Òótọ́ ni o!" Agùntáṣọọ́lò ń sọ fún un. "Àbíkẹ́yìn, lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni!"

"Ṣàlàyé fún un," mo wí. "Bóyá á gbọ́."

Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú. Ojú rẹ̀ dà bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń bá a wí. Inú rẹ̀ kò dùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àìdùn inú rẹ̀ kò lè ṣe ajá náà ní nǹkan kan.

Èyí tó burú jù lẹ́yìn ìyẹn ni pé ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú èèyàn. Tó bá dé ibi tí ehoro ti yà, dípò kó gbé imú sílẹ̀, á dúró, á wẹ̀yìn, á máa wò wá bíi pé àwa la gbé e pamọ́. Ó sàn kó sáré kọjá bí ti tẹ́lẹ̀. Ajá tó sáré kọjá ṣì gbà pé ehoro wà.

Koríko gbẹ. Alápatà dé pẹ̀lú bàtà igbó lẹ́sẹ̀. A lọ sí pápá, Àbíkẹ́yìn jí ehoro dìde, ohùn rẹ̀ dún kárí, Alápatà ń mi orí. Ehoro yà. Àbíkẹ́yìn dúró, ó sì wẹ̀yìn.

"Kí ló ń wò?" Alápatà bi mí.

"Ó ń wò wá."

"Kí ló fẹ́ ká ṣe?"

Alápatà yí padà sí mi. "Màmá, mo ti ṣe sùúrù. Màá mú un bẹ́ẹ̀."

"Kó lọ máa lé ológbò."

"Ajá mi mà ni, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo ni ín. Ṣùgbọ́n baálé mi kò gbé ajá tí kò tíì jáde fún ẹnikẹ́ni rí, ìwọ náà kò ní jẹ́ àkọ́kọ́. Ṣe ohun tó wù ọ́ sí mi."

Ó wò mí, ó wo ajá. Ó ní òun ti rí òmíràn lọ́wọ́ ẹnìkan nílùú kejì. "Tí eléyìí bá ṣetán, ẹ ránṣẹ́ sí mi. Tí kò bá ṣetán, ẹ fi ṣe ẹlẹ́gbẹ́."

"Mi ò wá ẹlẹ́gbẹ́," mo wí. Ó ti ń lọ.

Agùntáṣọọ́lò ti padà sójú títì. Tó bá wá, ó máa ń jókòó sí iyàrá iwájú, kì í dé ẹ̀yìnkùlé. Èmi àti Àbíkẹ́yìn la ń lọ sí pápá tí mo bá ti gbálẹ̀ tán. Mi ò pe nǹkan kan. Ó ń jí ehoro dìde, ó ń gbó o lọ dáadáa. Tó bá dé ibi tó ti yà, á dúró, á wẹ̀yìn wò mí, èmi á sì gbé ojú mi sí ibòmíràn, kó lè padà gbé imú sílẹ̀. Kò tíì yí po kan pé.